Ẹgbàá Níkùn, Ẹgbàárùn-ún Lẹ́nu

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kétu,
bàbá mi a máa sá pílì sóòrùn
bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́.
Orí ọlọ ìyá mi ni wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ sí.
Bó bá dìrọ̀lẹ́, á fi eyín tẹ̀ wọ́n nídìí,
á dá wọn padà sínú rédíò,
rédíò á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ohùn á wá máa rẹ̀ bíi ti arúgbó tó ń gun òkè,
á dákẹ́.
"Ó ṣì ku díẹ̀ nínú rẹ̀," ni bàbá mi á wí.
Ẹ̀yìn ilé, nídìí igi ọsàn, la ń da òkú wọn sí.
Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú kan a máa ṣàn níbẹ̀
tí adìyẹ kì í mu.

Èmi ni mo ń gbẹ̀bí báyìí, lọ́nà Ìlárá.
Iná ìjọba a máa wá,
a máa lọ, kì í dágbére,
bẹ́ẹ̀ ọmọ kì í béèrè bóyá iná wà kó tó yọjú.
Tọ́ọ̀ṣì tí mo ń dè mórí ni mo fi ń ríran,
pílì mẹ́ta ló ń jẹ.
Lóru tí Àfúsátù ń rọbí,
èyí àkọ́kọ́ ti bọ́ sílẹ̀, ó ti ké,
èkejì ṣì ń ronú,
ni tọ́ọ̀ṣì mi bá pọ́n, ó di ẹyin iná, ó di ìtàn.
Iná fóònù ọkọ rẹ̀ la fi gba èkejì.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ Fádáìrò atúnrédíòṣe lọ,
nítòsí Àkàbà Ìdènà.
Mo ní kó fún mi ní pílì tó ń gba iná sára,
èyí tí kì í kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ó kó oríṣi méjì síwájú mi.
Ọ̀kan ń dán bí bàtà ọjọ́ ọdún,
ẹgbàárùn-ún ni wọ́n kọ sí i níkùn.
Èkejì funfun lásán. Ẹgbàá péré.
Mo nawọ́ sí ẹgbàárùn-ún.
Fádáìrò ò sọ nǹkan kan,
ó kàn gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé mi látẹ́lẹwọ́.
Ẹgbàárùn-ún fúyẹ́ bí ṣùkù àgbàdo.
Ẹgbàá wúwo bí ẹyin tó ti ní ọmọ nínú.
Agbẹ̀bí ni mí:
mo mọ ikùn tó lóyún,
mo mọ ikùn tó kàn wú.

Mo ra mẹ́jọ. Owó rẹ̀ dùn mí, n ò ní purọ́.
Ọkọ mi wò wọ́n títí:
"Ṣé wúrà ni?"
Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ dalẹ́.

Fádáìrò ní: "Má so tuntun mọ́ ògbólógbòó.
Èyí tó bá kọ́kọ́ rẹ̀ ni ìyókù á máa wọ́ lọ,
títí gbogbo wọn á fi ṣubú.
Àwọn tó jọ wọlé, kí wọ́n jọ máa jáde.
Ṣájà tó ń fi gbogbo òru bọ́ wọn ni kí o rà,
má ra eléyìí tó ń kánjú.
Bí wọ́n bá gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, yọ wọ́n."
Mo fi òwú pupa di mẹ́ta, òwú aró di mẹ́ta:
ẹgbẹ́ pupa ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ aró ń jẹun
lẹ́nu pátákó oòrùn kékeré tó wà lórí páànù.
Mo gbé ẹgbẹ́ aró sínú àpótí,
mo lọ lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Pọbẹ̀.
Mo dé. Wọn ò tíì gbàgbé ohun tí wọ́n jẹ.

Méjì tó kù, mo fi òwú funfun dì wọ́n fún bàbá mi.
Rédíò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́jú. Kò rẹ̀ ẹ́.
Láàárọ̀ yìí mo bá wọn lórí ọlọ,
wọ́n ń yá oòrùn.
"Bàbá, wọn ò mà tíì kú."
"Mo mọ̀," ni ó wí.
"Mo ní kí wọ́n rí ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá ni."