Ta Ló Ṣí Géètì Sílẹ̀?

Ní Huddersfield, lẹ́yìn ilé tí mo háyà,
kánsù gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì,
wọ́n ní kí oníkálukú gbin ohun tó bá wù ú.
Tèmi ni ìkẹtàdínlógún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi.
Ọjọ́ tí n kò bá wa bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ lẹ ó ti rí mi:
bàtà rọ́bà, ọkọ́, fúláàsì tíì,
asọ̀rọ̀mágbèsì tí mo gbé kọ́ ẹ̀ka igi ápù.

Norman ló ni ìkejìdínlógún. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Àlùbọ́sà ló ń gbìn, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń jẹ o,
ti ìdíje ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó orí ọmọ tuntun.
Ó ń fi tépù wọ̀n wọ́n. Ó ń faṣọ bò wọ́n lóru.
Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe.
Ó ní, "Kò sí nǹkan."
Ìdáhùn yẹn dùn mọ́ mi. Gbogbo ohun tí èmi ń ṣe
ló nídìí, ló ní ẹni tó ń retí owó rẹ̀.

À ń gbọ́ ìròyìn. Ilé-iṣẹ́ kan
tún ti da ẹ̀gbin sódò, ọ̀gá wọn sì ní,
"Àṣìṣe wáyé."
Mo na ọkọ́ sí rédíò:
Ó wáyé? Ó lẹ́sẹ̀ ni? Ta ló bí i?
Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí,
n kò gbé àṣìṣe rí, kò sanwó ọkọ̀ fún mi rí!
Norman rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.
Mo ní, "Àwọn èèyàn ò mọ 'èmi ni' í sọ mọ́."
Mo bu tíì kún ife, bí adájọ́ tó parí ẹjọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò ṣú,
Àyọ̀ká ń pè mí lórí fóònù pé oúnjẹ ti ń tutù.
Elégédé kan lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì,
mo fi gìgísẹ̀ ti géètì.
Ó ró kọ̀. Mo rò pé ó ró kọ̀.

Wọ́n ní ẹni tí ìròyìn ò dé etí rẹ̀
àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀.
Tiwa yìí, ti òru àná ni, mẹ́ta,
àwọn ni wọ́n sì jẹun.
Wọ́n jẹ ẹ̀wà Ìyáàfin Parveen dé gbòǹgbò,
wọ́n jẹ rósì, wọ́n jẹ létúùsì àwọn tọkọtaya tuntun.
Àgbọ̀nrín kì í jẹ àlùbọ́sà;
wọ́n kàn gba orí ti Norman kọjá ni.

Wásáàpù gbóná. Kánsù ni, wọn ò tún ìlẹ̀kùn ṣe.
Àwọn ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ni. Ìjọba ni, tó gé owó.
Èmi náà kọ ọ́ síbẹ̀: "Ó mà ṣe o,"
mo fi ojú tó ń sunkún sí i.

Nígbà tí mo tan rédíò, mínísítà kan ń ṣàlàyé.
Mo pa á kíá.
Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì.

Mo bá Norman lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ka èyí tó kù.
"Norman. Èmi ni."
Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Mo wà nínú ahéré,
mo rí ọ àti elégédé rẹ.
Ó yẹ kí èmi náà dìde lọ tì í. Òjò ń rọ̀."
Ó gbé ọ̀kan tó ti là sí méjì lé mi lọ́wọ́.

Nílé, Àyọ̀ká gbá a mú bíi bọ́ọ̀lù:
"Kí ló ṣe àlùbọ́sà olówó iyebíye yìí?"
Mo ní, "Àṣìṣe ló..."
Mo dákẹ́. Mo bọ́ bàtà. Mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Ó ku Ìyáàfin Parveen.
Fóònù wà lórí tábìlì. Mo ti kọ "Ẹ káàárọ̀,"
ilẹ̀ sì ti ń ṣú.