Ẹni Tó Sọnù

Òjò àná ṣì ń kán lára òkè Ṣábẹ̀ẹ́.
Tíṣà Sàbí fi ọ̀pá gbá òkúta, ó tẹ́tí:
"Èyí tó bá dún kókó, ẹ gùn ún.
Èyí tó bá dún bí ìkòkò tó sán,
ẹ yà fún un."

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ẹni tó sọnù.
Mo há sínú pàlàpálá àpáta, mo di fèrè mú.
Ọláìtán o!
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tutù lẹ́nu mi,
mo fọn fèrè.

Wọ́n rí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,
ṣùgbọ́n Tíṣà ń kà wá,
ìka rẹ̀ sì dúró pẹ́
níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí.