Aró Kò Bá Omi Gòkè

Sátidé, mo bu omi aró abọ́ kan,
èyí tí Màmá Àgbà fẹ́ dà nù sí gọ́tà Ìtòkú;
ó dúdú débi pé bí ọwọ́ bá wọ inú rẹ̀, ọwọ́ sọnù.
Mo gbé e ka orí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa,
àpáta tí a ń sá aṣọ sí, tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí.
Mo gbé ife tanganran kan sáàárín omi,
mo ta ọ̀rá funfun bo gbogbo rẹ̀,
mo fi okùn dì í lọ́rùn pinpin,
mo wá fi òkúta wẹ́wẹ́ kan lé e lórí
kí ọ̀rá lè tẹ̀ kòtò sí ọ̀gangan ife.

Tíṣà Ṣóyẹmí ló ní ká ṣe é:
"Ẹ má sọ fún mi pé ó ti yé yín.
Ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí."

Oòrùn ta. Látúndé àbúrò mi ń béèrè:
"Ṣé ó ti jinná?"
Mo ní kì í ṣe ẹ̀wà.
Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó padà dé, ó tún béèrè.
Lọ́sàn-án, inú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn
bí imú ajá.
Ẹ̀kán kínkín kan rá lọ bá èkejì,
wọ́n di ọ̀kan, wọ́n wúwo,
wọ́n yọ̀ tẹ̀lé kòtò náà,
tó.
Mo ka mọ́kànlélógún kí oorun tó gbé mi lọ lábẹ́ igi ìyeyè.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tú okùn.
Omi inú ife kò tó ìdajì,
ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara.
Màmá Àgbà ki ìka bọ̀ ọ́,
ìka tí aró ti pa láró láti ogójì ọdún.
"Ta ló bọ́ aró kúrò lọ́rùn omi?"
Mo ní, oòrùn ló pè wọ́n, Màmá.
Omi nìkan ló jẹ́ ẹ.
Aró kò mọ òkè í gùn; ó jókòó sídìí abọ́.
Wọ́n wo aṣọ tó wà lórí okùn, wọ́n wo sánmà.
"Gbogbo àdìrẹ tí mo ti sá láyé mi,
n kò bi ara mi rí pé omi tó kúrò lára aṣọ,
ibo ló gbà lọ."

Látúndé náà gbójú sókè:
"Ta ló wá ta ọ̀rá bo ojú ọ̀run?"
Mo ní kò sí ọ̀rá níbẹ̀, òtútù ni,
bí omi bá dé òkè, òtútù á mú un,
á di ẹ̀kán…
N kò tíì sọ ọ́ tán
tí ìkùukùu fi ṣú láti apá odò Ògùn,
tí ó ń ro gbàràgbàrà lórí páànù tó ti dípẹtà.
"Ẹ kó aṣọ! Ẹ kó aṣọ!"
A kó aṣọ. Mo gbàgbé ife.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà ní: "Omi tìrẹ tó mélòó?"
Mo ní, ife kún, ó ń dà sílẹ̀,
ṣùgbọ́n èwo ni tèmi níbẹ̀, sà,
n kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́.