Egungun Ìdí

Wọ́n tì í dé lówùúrọ̀ Ọjọ́rú,
alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ìdí rẹ̀ ti yẹ̀,
táyà òsì ń wo Ìgbónà, tọ̀tún ń wo Òkè-Báálẹ̀,
bíi tọkọtaya tó jà lóru.
Ìyá Móróunkẹ́jì ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́,
ó ń bú àwọn tó ń tì í pé kí wọ́n rọra.

Mo ní, "Ìyá, ó ti tó ọdún mélòó?"
Ó ní, "Tèmi àbí tirẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Jámánì,
ó há sáàárín fìríìjì méjì nínú kọ̀ǹténà,
lọ́dún tí ìdí ìyá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò gòkè oko mọ́.
Ọ̀dà pupa ti ṣí tán. Ìjókòó ti di àkísà.
Àmọ́ ó ti ru kòkó, ó ti ru ẹ̀gẹ́,
ó sì ru aboyún kan dé ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú òjò.

Mo fi bíríkì dí táyà iwájú, mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè.
Mo di táyà mú, mo mì ín:
gbọ̀kọ̀-gbọ̀kọ̀, bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Bíárìn ti kú. Kó tó kú, ó ti jẹ ọ̀pá ìdí náà
títí ó fi rí bí ìrèké tọ́mọdé fẹnu bó.

Pín kékeré kán sọ́wọ́ mi.
Bíréèkì gbà, họ́ọ̀bù gbà.
Ṣéènì bọ́, ó ká jọ sínú abọ́ epo bí ejò tó yó.
Ó wá ku nọ́ọ̀tì ńlá méjì tó fara ti ara wọn,
ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò.
Mo ki sípánà bọ̀ ọ́, Ṣàkírù fi páìpù gùn ún lọ́wọ́,
àwa méjèèjì sọ̀ mọ́ ọn.
Kò mira.
A bu kẹrosíìnì sí i, a lọ jẹ ẹ̀wà.
A padà dé. Kò mira.
Iná ló yé e. Ó ké "kẹ́ẹ̀", ó yí.

Ọ̀gá mi máa ń sọ pé:
má fi òòlù lu ẹnu ọ̀pá ní ìhòòhò,
dé e ní nọ́ọ̀tì, fi pákó sáàárín;
irin tó o bá bà lẹ́nu jẹ́ kò ní gba ọ̀rọ̀ mọ́.
Ní ìlù kẹtàdínlógún, ó jáde, ó tẹ̀, ó jẹrà,
a gbé e sórí àpò bí òkú àlejò.

Kò sí irú rẹ̀ l'Óṣogbo. Kò sí n'Íbàdàn.
Wọ́n ní Ládípọ̀, Ládípọ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti gbàgbé ẹ̀.
Ni mo bá gbé e tọ Bàbá Lásísì,
tó ń fi ẹ̀rọ yí irin ní gẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rélùwéè.
Ó fi àtàǹpàkò pa eyín ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó ń ka á,
ó wọ inú ilé, ó wọ́ ṣáàfùtù lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan jáde.
Ọjọ́ mẹ́ta. Irin ń ká bí irun àgùntàn lábẹ́ ọ̀bẹ.

Bíárìn tuntun. Síìlì tuntun. Gíríìsì, ìka mi dé kókósẹ̀ rẹ̀.
Ọ̀pá náà wọlé bí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí.

Ìyá fọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gùn ún.
Ó ní, "Ẹ bá mi bi bàbá yẹn, ṣé ó lè yí tèmi náà?"
Kò dúró de èsì. Eruku gbà á lọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun,
ipa táyà méjì, gbọọrọ.

Ṣàkírù na wọ́ṣà kan sókè látinú abọ́:
"Ọ̀gá, ibo ni tiwa yìí wà?"
Mo wò ó. Mo ka gbogbo rẹ̀ lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀.
Ti àtijọ́ ni, mo ní. Ti àtijọ́ ni.
Mo sì mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà.