Ìgò Omi Alùfáà Delphia Tackett

Bàtà ọkùnrin ni o máa ń wọ̀,
bàtà ọkọ rẹ tí ihò èédú gbé mì.
Ìwé ìròyìn lo fi dí orí rẹ̀ nínú
kí ẹsẹ̀ rẹ má baà máa yọ̀.
Láti ìsàlẹ̀ òkè la ti ń gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì.
Ìyá mi á ní, "Emmitt, gbé àpótí. Alùfáà ti dé."

Ilé mọ́kànlélógójì ló wà létí odò Sorrel,
ní Kentucky, níbi tí òkè ti há ojú ọ̀run mọ́ àárín,
odò náà sì ń ṣàn lọ bí irin tó dógùn-ún.
"Ẹ bu omi fún mi," lo máa ń wí lẹ́nu ọ̀nà,
"òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí."
O kọ orúkọ onílé sára ìgò, o kọ ọjọ́, o kọ agogo.
Àwọn Blevins ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú:
ọwọ́ iléeṣẹ́ èédú ni oúnjẹ wọn wà.
O gbé búrẹ́dì àgbàdo kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wọn,
a kọjá sí ilé tó kàn.

Lálẹ́, ó di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.
Lẹ́tà "e" ti kán lára rẹ̀,
lẹ́tà tí èdè wa kò lè mí láìsí i.
Pẹ́ńsù lo fi ń fi í kún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì,
àfi pé ìwọ ń dá a padà ni.
Báyìí lo ṣe kọ ìwé rẹ kan ṣoṣo.
Omi tí a kò lè fi wẹ̀, o sọ ọ́ di ìwé.

Mi ò ní sọ ọ́ di áńgẹ́lì o.
Ohùn orin rẹ burú; ajá àwọn Hensley máa ń dá sí i.
Ahọ́n rẹ mú. O pe ìyá mi ní ojo níwájú ìjọ,
ọdún méjì gbáko ni ẹ ò fi kí ara yín.
Lẹ́tà lo fi bẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn.
Ó kà á lórí ìdúró, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí,
kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kàn án.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá sí kóòtù,
ọkùnrin kan tó de táì ní omi náà kò lábùkù,
ìwé ìwádìí wà lọ́wọ́ òun.
O ṣẹ́jú sí mi. Mo gbé ìgò ilé wa wá.
O ṣí i, o dà á sínú ife gíláàsì,
o rọra tì í lọ síwájú rẹ̀.
"Ẹ gbà, ọ̀gá. Ẹ mu ún."
Aago ara ògiri ń lọ.
Ó wo ife.
A wò ó.
Ìwọ, ọlọ́rọ̀ púpọ̀, o ò sọ nǹkan mìíràn.
Ìwàásù tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà kí páìpù tó dé.
O mu ife àkọ́kọ́, o yínmú,
o ní ó dà bí ẹni ń lá ike.
Lọ́la rẹ̀ o ti kọ lẹ́tà sí wọn nípa ìyẹn náà.

Oṣù Èrèlé lo kú. Ilẹ̀ dì gbagidi.
Àwọn ọmọ awakùsà ló fi dígà gbẹ́ ẹ;
wọn kò gbà kí katakata fọwọ́ kàn án.
Kò sẹ́ni tó mú òdòdó wá.
Ìgò omi ni kálukú gbé wá láti ilé rẹ̀,
orúkọ, ọjọ́, agogo,
wọ́n tò wọ́n yí ọ ká.
Ìyá Blevins ló gbé tirẹ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn,
pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo nínú aṣọ ìnuwọ́.

Mo padà lọ ní òwúrọ̀.
Òtútù òru ti fọ́ gbogbo ìgò,
omi sì dúró fúnra rẹ̀ láìsí ìgò,
ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ka orúkọ rẹ lára pákó
láti ẹ̀yìn rẹ̀.
Mo ṣa àfọ́kù sínú àpótí.
Ó wúwo bíi ti àtijọ́.