Orúkọ Nìkan Ló Parẹ́

Fáìlì mẹ́tàdínlógún ni mo gbà lẹ́nu bàbá mi
ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkèṣà, nílùú Iléṣà,
láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú rẹ̀ ṣì mọ ojú mi.
Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
N kò tún aago inú rẹ̀ ṣe,
nítorí náà, gbogbo ohun tí bàbá sọ
ló sọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún ẹgbàá,
ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò ṣú.

Òṣómàáló ni Fáṣèsìn nígbà tí orúnkún ṣì gbà fún un.
Ó gbé aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dé Ìkàrẹ́, ó gbé e dé Kàbà,
ó tà á láwìn, ó kọ orúkọ sínú ìwé.
Bó bá padà débẹ̀, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
"Òṣó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi."

Ìbùkúnolú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ gba ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì sílẹ̀.
Ẹ̀rọ ní àyè ti tán.
Ó tẹ bọ́tìnì kan, ó tún un tẹ̀,
mẹ́tàdínlógún di òdo.
"Àǹtí, mo rò pé ẹ ti dà á sínú kọ̀ǹpútà ni."
N kò sunkún.
Irọ́ ni. Mo sunkún nínú balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀.

Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan ní Ẹrẹ́jà
ni Mọrádékẹ́ ti ń tún fóònù ṣe.
"Ṣé ẹ ti gba nǹkan mìíràn lé e?"
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kẹ́mísírì.
"Ẹ yọ káàdì yẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó ní ojú-ewé kan wà níwájú káàdì, orúkọ ló wà níbẹ̀,
orúkọ, bí fáìlì ṣe tóbi tó, yàrá tó ti bẹ̀rẹ̀.
Ohùn gan-an wà lẹ́yìn, nínú yàrá kéékèèké,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá tí kò fi dandan tò léra wọn,
ọ̀kan ń júwe èkejì: ibẹ̀ yẹn ló kù sí.
Bí o bá ní kí ẹ̀rọ pa fáìlì rẹ́,
kì í wọ yàrá kankan.
Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ló ń fi yíǹkì bò,
á ní àyè ti ṣí, kí àlejò máa bọ̀.
Onílé ṣì jókòó nínú òkùnkùn.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.
Mo ní òjò ba ìwé bàbá mi jẹ́ ní Ìkàrẹ́ lọ́dún kan,
yíǹkì ṣàn lọ, àwọn onígbèsè ń yọ̀,
ṣùgbọ́n aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn.
Bàbá wọ ọjà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni,
etí aṣọ ló ń wò.
"Bí ẹ̀rọ mi náà ṣe máa wá a nìyẹn," ni Mọrádékẹ́ wí.

Mo lóṣòó ti tábìlì rẹ̀ di àṣálẹ́.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.
Mẹ́rìnlá padà wá, láìlórúkọ, nọ́ńbà lásán.
Nínú ìkẹfà, bàbá ń ka gbèsè Kàbà lọ,
ni Ìbùkúnolú bá já lu ọ̀rọ̀: "Omi àti iyọ̀, kí ló dé tí..."
ni bàbá bá padà láàárín ẹ̀rín,
n kò sì ní mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín láéláé.

Mo tẹ̀ ẹ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ Sátidé.
Ó dẹ etí sílẹ̀, ó mi orí.
"Ta ni baba yìí? Ó mọ ọjà Kàbà dáadáa.
Àbí ó jẹ mí lówó ni?"
Ó wo ojú mi pẹ́ títí.
Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́, ó mú etí ìró mi,
ó yí i sí ọ̀nà iná,
ó ń wo bí wọ́n ṣe hun ún.