Àbùjá

Bàbá Sàbítíù ní kí n ka línkì náà, kí òun máa kọ ọ́ sílẹ̀.
Etí ọ̀sà la jókòó sí, ní Ẹ̀pẹ́, lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé.
Mo kà á: lẹ́tà, nọ́ńbà, àmì ìbéèrè,
lẹ́tà ńlá kan tó sá pamọ́ sáàárín àwọn kéékèèké.
Ó kọ ọ́ dé etí ìwé, ó yí ìwé síbùú, ó tún ń kọ ọ́ lọ.
A tẹ̀ ẹ́ wò. Òfìfo.
Lẹ́tà kan ló ṣì kọ, gbogbo ọ̀nà di igbó.

Igba ó lé mẹ́rìnlá irú ẹ̀ ló wà nílẹ̀,
ọkọ̀ kan, línkì kan, tó ń fi owó ẹgbẹ́ tí ọlọ́kọ̀ san hàn.
Wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀,
kí ariwo "o ti san, o ò tíì san" lè tán ní èbúté.
Mọ́rúfù akunkọ̀ ka lẹ́tà: mẹ́tàdínláàádọ́fà.
Igba náírà ni ẹyọ kan.
Ó wo ọkọ̀, ó wo ìwé, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ọkọ̀ á tán kí línkì tó tán."

Mo ní kò burú, màá gé e kúrú.
Mo fọwọ́ gé mọ́kànlá kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́,
ọrùn ọwọ́ ń ro mí, iná tún lọ.
Ni mo bá kọ ìlà mẹ́tàdínlógún sínú kọ̀ǹpútà, mo rán an níṣẹ́:
mú ọ̀kan, gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn,
fi kọ́kọ́rọ́ hàn, dúró,
gba èyí tó kúrú bọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀,
padà wá mú òmíràn.

Ó lọ, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.
Mo wá a títí:
àlàfo kan, tójú ò rí, ló rọ̀ mọ́ ìdí kọ́kọ́rọ́.
Mo gé e dànù. Ilẹ̀kùn ṣí.
Nígbà tó di ọgọ́ta, wọ́n tún lé e:
o ń kàn wá lẹ́nu ọ̀nà jù.
Mo ní kó máa sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan.
Ta ló ń fi ìkánjú fa àwọ̀n?
Mo sùn lọ. Òórùn ẹja sísun gba ojú fèrèsé wọlé.
Nígbà tí mo jí, gbogbo wọn ti pé, lẹ́tà mẹ́fà mẹ́fà.

Ṣèríífátù ni ààfáà pè sí mi létí.
Ṣẹ́rì nìyá mi ń pè láti ẹ̀yìnkùlé,
èmi náà ló sì ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n Bàbá Sàbítíù gbé ìwé súnmọ́ ojú:
"Ìyókù ńkọ́?"
Mo ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó gé e.
Àwọn ló mọ ibi tí kúkúrú yìí ń lọ,
àwọn ló ń júwe ọ̀nà fún un.
"Bí ilé wọn bá wó ńkọ́?"
N kò fèsì.
Ó ní lọ́dún tí òṣíbàtà dí àbùjá odò tó lọ sí Ejìnrìn,
àwọn tí kò gbàgbé ọ̀nà jíjìn nìkan ló tà, tó rà.

Mo padà sílé, mo fi ìlà kan kún un:
kọ gígùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúkúrú.
Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé méjìlá.
Ó fi ọ̀rá wé e, ó tì í sínú àpótí abẹ́ ìjókòó ọkọ̀,
pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àwọ̀n àti ìṣáná.

Mọ́rúfù ń ráhùn pé lẹ́tà mẹ́fà ti pa òun lówó.
Ní àárọ̀ Sátidé, ọ̀dà ṣì ń rùn lára àwọn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n tú okùn.
Ti Bàbá Sàbítíù ló ṣíwájú.
Kò gba àbùjá.